Ìyá Mi Ń Ṣa Ẹ̀wà

Òwúrọ̀ tí mo dé láti Kútọnu láti wá wo oko wa tí iná jó, orí àpótí ni mo bá ìyá mi nínú àgbàlá, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó kí mi káàbọ̀. Ó bi mí bóyá mo rí nǹkan jẹ lọ́nà. Lẹ́yìn náà ó ti igbá kan sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n jókòó kí n bá òun ṣa ìyókù, pé kòkòrò pọ̀ nínú ẹ̀wà ọdún yìí.

Inú bí mi débi pé mi ò lè dáhùn. Láti agogo mẹ́wàá alẹ́ ni mo ti wà nínú ọkọ̀, èèyàn mẹ́sàn-án nínú mọ́tò tí wọ́n ṣe fún márùn-ún, orúnkún ẹnì kan nínú ìhà mi, agò adìẹ lórí itan mi. Láti Kútọnu dé Sábẹ̀ẹ́, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó nǹkan bí 250 kìlómítà, mi ò sì fojú ba oorun. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ nígbà tí ìyá mi bá bú sẹ́kún. Mo ti mọ bí màá ṣe dì í mú. Mo ti mọ ohun tí màá sọ fún un nípa Ọlọ́run. Mi ò múra sílẹ̀ fún ẹ̀wà.

Mo jókòó ṣá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ń da èyí tó dára mọ́ èyí tó ti bàjẹ́, ìyá mi sì ń fi ìka méjì yọ ọ́ padà láìsọ nǹkan kan.

Oko kajú ni oko náà. Kajú ni owó ilẹ̀ wa. Iṣu, gbágùúdá àti àgbàdo là ń jẹ, a sì ń tà nínú wọn, ṣùgbọ́n owó tó ń kan òrùlé, tó ń rán ọmọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ń gbé ìyàwó, abẹ́ igi kajú la ti ń ṣà á. Láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún, bí èso bá ti já bọ́, a ó yọ kóró kúrò nídìí rẹ̀, a ó sá a sóòrùn, a ó dì í sápò. Àwọn ọmọdé a máa jẹ èso fúnra rẹ̀, omi rẹ̀ a sì máa ba aṣọ wọn jẹ́. Kò sí ọṣẹ tó ń fọ àbàwọ́n kajú, ẹ má da ara yín láàmú.

Bàbá mi ló gbin tiwa, igi 300 lórí hẹ́kítà mẹ́ta, lọ́nà Kàbuà. Igi kan sí èkejì, mítà mẹ́wàá. Bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ iye igi rẹ̀ bí olùkọ́ ṣe mọ iye ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún 2020 ni iná wọ̀ ọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́, koríko ti gbẹ, kajú ti tanná, òmíràn ti ń yọ kóró bí ìka ọmọ tuntun. Ta ló dáná? Ó lè jẹ́ ọdẹ tó ń fi iná lé eku. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń sun pápá kó lè kọ ebè. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń mu sìgá kọjá lọ. Àwọn ẹbí fẹ́ ká wá a rí. Èmi kò bá wọn wá a, nítorí mo mọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún iná.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ní oṣù kọkànlá, bàbá mi a máa gé ọ̀nà iná yí oko ká. A ó fi àdá gé koríko, a ó fi ọkọ́ ha ilẹ̀ títí yóò fi mọ́ bí ojú ọ̀nà, a ó sì gbá ewé gbígbẹ orí rẹ̀ dànù. Bí iná bá dé ibẹ̀, kò ní rí nǹkan jẹ, yóò kú. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni fún ọkùnrin méjì. Lẹ́yìn tí bàbá kú, mo gé e fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún 2019, mi ò gé e.

Mo ní àwáwí, ó sì pọ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa. Ẹni tí kò gbé nítòsí ààlà kò lè mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún wa. Àwọn oníbàárà láti òdìkejì odò Ọ̀pàrà kò wá ra iṣu bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, gàárì wọ́ nílẹ̀, bẹntiróòlù inú ìgò tí à ń pè ní kpayo di ọ̀wọ́n. Mo yá 300,000 sẹ́fà lọ́wọ́ ilé ìyáwó kan, mo fi ra alùpùpù, mo ní kajú ọdún tó ń bọ̀ ni màá fi san án. Mo gun alùpùpù náà lọ sí Kútọnu, mo wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn zẹ́mì, àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, ń wọ̀, mo ń gbé èrò. Mo ní màá padà wá gé ọ̀nà iná ní oṣù kọkànlá. Oṣù kọkànlá dé, owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di Kérésì. Kérésì di ọdún tuntun.

Nígbà tí ẹ̀wà tán, ìyá mi gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹni mélòó ni yóò jẹun nílé yìí lálẹ́?”

Mo rò pé ìbànújẹ́ ti gba orí rẹ̀. Mo kà wọ́n fún un: òun, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ mi mẹ́ta, àbúrò mi obìnrin àti ọmọ rẹ̀ méjì. Mẹ́sàn-án. Ó ní, “Mẹ́sàn-án.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà nílé fún mi bí ẹni ń ṣírò ọjà. Àpò àgbàdo mẹ́ta, a ti jẹ ọ̀kan dé àárín. Gàárì garawa méjì. Iṣu 140 nínú abà, bí ewúrẹ́ kò bá tún jálẹ̀kùn. Gbágùúdá tó wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ẹ̀wà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣà yìí. Ó ti kà á nígbà tí iná ṣì ń jó lóko, tí gbogbo adúgbò ń sáré pẹ̀lú ewé tútù lọ́wọ́.

“Èyí á gbé wa dé òjò àkọ́rọ̀,” ló wí. “Bí a bá débẹ̀, a ó tún kà á.”

Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ ìṣírí tí mo rí gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ti àwọn ẹlòmíràn pọ̀. Wọ́n wá kí wa kú ewu, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Nígbà tí ẹni kẹwàá sọ ọ́, díẹ̀ ló kù kí n lé e jáde. Ọ̀kan tiẹ̀ ní onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Mo ní, “Bàbá, èmi ò wá wàrà. 300,000 sẹ́fà ni mo ń wá.” Ìyàwó mi tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má pa òwe àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná jó oko rẹ̀ kò mọ ohun tó yẹ kó fi sùúrù náà ṣe bí ilẹ̀ bá mọ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ìyá mi mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kẹta la tó lọ sóko. Ilẹ̀ ṣì gbóná lábẹ́ bàtà. Ẹni tó bá ti yan kóró kajú rí mọ̀ pé òróró inú èèpo rẹ̀ ń jó awọ ara, èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú. Òórùn bẹ́ẹ̀ ló gba gbogbo oko. Ojú gbogbo wa ń ṣomi, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó ń sunkún lóòótọ́ nínú wa. Àwọn òkè Sábẹ̀ẹ́ hàn ketekete láti ibi tí a dúró sí, torí pé ewé tó ń bò wọ́n lójú wa tẹ́lẹ̀ ti lọ. Ní ìgbà ogun Dàhòmì, orí àwọn àpáta wọ̀nyẹn ni àwọn èèyàn wa ń sá gùn. Ìyá mi wò wọ́n pẹ́. Mi ò mọ ohun tó ń rò.

Bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi, mú ọkùnrin kan tó ń sun èédú tà dání. Ọkùnrin náà rìn yí oko ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun á san 90,000 lórí gbogbo rẹ̀, òun á gé e, òun á kó o, ilẹ̀ á sì mọ́ fún wa. Mo ti fẹ́ na ọwọ́. Oṣù kẹta ni gbèsè mi máa pé. Bàbá kékeré ní kí la tún fẹ́ fi òkú igi ṣe. Ó wá fi kún un, lójú àlejò, pé, “Bàbá rẹ ì bá ti gé ọ̀nà iná.”

Gbogbo ara mi kú. Mo wo ìyá mi. Ẹsẹ̀ igi kan ló ń wò. Ó ní, “Oòrùn ń mú. Ta ló ní ọ̀bẹ lọ́wọ́?”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ họ èèpo igi náà. Inú rẹ̀ dúdú. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, ó tún họ ọ́. Dúdú. Níbi tó kù bí àtẹ́lẹwọ́ kan kó kan ilẹ̀, ó họ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, abẹ́ èèpo sì tutù, ó ní àwọ̀ ilá. Kò pè wá pé ká wá wò ó. Ó kàn nu ọ̀bẹ, ó sọ fún elédùú pé, “Ẹ ṣé o, bàbá. Ẹ padà wá lẹ́yìn òjò kejì.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Bàbá kékeré bínú, ó gba ilé rẹ̀ lọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bi í léèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ta ló sọ pé ọkàn òun balẹ̀? Ó ní ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyí tí òun máa dúró de àwọn igi wọ̀nyẹn.

Mo mọ ìtàn náà lápá kan. Oṣù kìíní ọdún 1994 ni wọ́n gé agbára owó sẹ́fà sí méjì. Fúráǹsì Faransé kan, tí sẹ́fà 50 ń rà tẹ́lẹ̀, di sẹ́fà 100. Oògùn wọ́n, aṣọ wọ́n, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun bọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní nǹkan láti tà sí òkè òkun ń rí sẹ́fà gbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bàbá mi sì gbọ́ pé kajú wà nínú rẹ̀. Òun àti ìyá mi gbẹ́ ihò 300. Wọ́n sọ kóró mẹ́ta sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó hù, wọ́n fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀, wọ́n fa ìyókù tu.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ihò àti èso. Kajú kì í so kó tó pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó sì tún ń pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kó tó so tó ohun tí èèyàn ń gbé sórí òṣùwọ̀n. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àkàrà tí ìyá mi ń dín ní etí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló bọ́ wa, nígbà tí rélùwéè ṣì ń kó èrò láti Kútọnu lọ sí Pàràkú. Mo rántí àkàrà náà. Ọmọdé ni mí, mo rò pé àkàrà ni iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé àfidípò igi ni. Ó sọ iye ìwọ̀n ẹ̀wà tó ń rẹ lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún mi, ọdún wo ló fi kún un, ọdún wo ló dín in kù. Ó sọ aago tó ń jí. Ó sọ oṣù tó ta aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀, àti iye tó tà á, kò sì yí ohùn padà nígbà tó dé ibẹ̀.

Èmi ń wo ọjọ́ iwájú bí ẹni ń wo inú kànga lóru, tí kò mọ bó ṣe jìn tó. Ìyá mi ti sọ korobá sínú kànga yẹn rí. Ó mọ iye okùn tó ń gbà.

Ẹ má rò pé láti alẹ́ yẹn ni mo ti di onísùúrù. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ sóko pẹ̀lú ọ̀bẹ. Mo ń họ igi kan, mo ń họ òmíràn, mo ń wá àwọ̀ ilá yẹn. Bí mo bá rí i, inú mi a dùn títí alẹ́; bí mi ò bá rí i, mi ò ní jẹun. Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀. Ìyá mi wá bá mi lóko lọ́jọ́ kan, ó rí ẹsẹ̀ àwọn igi tí mo ti họ káàkiri bí ẹni tí ẹkùn ya. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. “Ohun tí iná kò pa, ṣé ìwọ fẹ́ pa á ni? Bó o bá ń ṣí egbò wò lójoojúmọ́, ìgbà wo ni yóò jinná?”

Ní ti gbèsè, òun náà ló ní kí n má dúró de oṣù kẹta. Mo lọ bá wọn ní ilé ìyáwó náà ní oṣù kejì, ọmọkùnrin kan tí mo dàgbà jù jókòó sídìí tábìlì, ó sọ̀rọ̀ sí mi bí ẹni tó ń bá olè sọ̀rọ̀. Mo gbé e mì. Mo ta alùpùpù náà ní 210,000, mo san án síbẹ̀, a sì jọ fẹnu kò pé màá máa mú 2,500 wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí ìyókù. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sóko, lọ àti bọ̀. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wàrà ṣóyà tà, ó ń dín in pẹ̀lú ata, àwọn awakọ̀ tó ń kọjá lọ sí òkè fẹ́ràn rẹ̀. Nínú 2,500 ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mi ò ní purọ́, tirẹ̀ ń lé ní ààbọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kòrónà dé. Oṣù kẹta ọdún 2020, àárín gbùngbùn ìgbà kajú. Àwọn oníṣòwò Íńdíà tó ń ra kóró wa kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú, àwọn alágbàtà dúró sílé, iye owó já wálẹ̀. Àwọn tí iná kò kàn lóko, tí àpò wọn kún, kò rẹ́ni tà á fún. Ohun kan wà tí ojú ń tì mí láti kọ, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́, mo ti purọ́ fún yín: inú mi dùn díẹ̀. Mo sọ ọ́ jáde níbi tí a ti ń jẹun, pé ẹni tó ní kajú àti ẹni tí kajú rẹ̀ jó, ẹgbẹ́ ni gbogbo wa báyìí. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Ó bu gàárì sínú abọ́ kan, ó ní kí ọmọ mi gbé e lọ fún ìyá ìbejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ẹni tí àpò kajú rẹ̀ mẹ́fà wà nílẹ̀ láìtà. Ìṣirò wa fún òjò àkọ́rọ̀ kò ní abọ́ gàárì yẹn nínú. Mo mọ̀, nítorí pé mo ti ń ka nǹkan bíi tirẹ̀ nígbà yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹrin ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Kò tó nǹkan. Ó rọ eruku mọ́lẹ̀, ó lọ. A tún ka oúnjẹ: àgbàdo kù díẹ̀ nísàlẹ̀ àpò, iṣu kù 19. Òjò kejì rọ̀ gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀, bí ọjọ́ méjìlá, mo dé oko ní òwúrọ̀, mo sì rí ewé pupa kékeré, tó ń dán bí etí ọmọ ehoro, tó yọ láti ẹsẹ̀ igi dúdú kan. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti igi sí igi. Bí ẹnì kan bá kọjá lọ́nà Kàbuà lọ́jọ́ yẹn, ó dájú pé ó ròyìn wèrè kan fún wọn nílé.

Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan tó máa ń wá bá àwọn àgbẹ̀ ló kọ́ mi ní ìyókù. Ó ní kí n gé igi kọ̀ọ̀kan lókè ibi tó ṣì tutù, kí ojú ibi tí mo gé dà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí omi má dúró sórí rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ọ̀mùnú tó bá yọ, kí n fi méjì tàbí mẹ́ta tó lágbára sílẹ̀, kí n gé àwọn yòókù. Ìyẹn ló dùn mí jù, láti máa gé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wá sáyé. Igi 104 wà ní ìsàlẹ̀ oko, lẹ́bàá ipadò, tí iná kò kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ti gbẹ òdòdó orí wọn. Igi 137 rúwé. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta kú pátápátá. Elédùú padà wá, mo tà wọ́n fún un. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó béèrè bí ìyá mi ṣe mọ̀.

Nítorí pé ìbòòji ti lọ, oòrùn ń dé ilẹ̀ tí kò dé láti nǹkan bí ogún ọdún. A gbin ẹ̀pà àti àgbàdo sí àárín àwọn kùkùté, eérú sì mú kí ilẹ̀ náà so. Ẹ̀pà ọdún 2020 ló bọ́ wa, òun ló sì parí gbèsè. Mi ò rò ó rí pé màá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀pà.

Ohun tó tún kù tí mo fẹ́ sọ kò yìn mí. Ọdún 2022, àwọn kùkùté ti ń so díẹ̀, ìsàlẹ̀ oko ti padà bọ̀ sípò, mo ní àpò mẹ́jọ. Mo ta mẹ́rin. Mo ní màá fi sùúrù de owó tó dára lórí mẹ́rin yòókù. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn, mo ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn: sùúrù ni mo fi kọ́gbọ́n. Oṣù karùn-ún kọjá. Oṣù kẹfà, òjò gba abẹ́ páànù wọlé, mi ò tètè mọ̀. Kóró tó gbẹ dáadáa a máa dún nínú èèpo rẹ̀ bó o bá mì í létí. Mo mì ín, kò dún. Èébu ti mú àpò méjì. Ìyá mi ní, “Kí ni kajú inú àpò ń ṣe tó o fi ń dúró dè é?” Mi ò rí èsì. Igi tí mo dúró dè ní ọdún 2020 ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, èmi náà ń ṣiṣẹ́ lókè. Ti àpò yìí, ojúkòkòrò ló wọ ẹ̀wù sùúrù. Láti ìgbà yẹn, bó bá ti gbẹ, mo ń tà á. Kódà nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó kóró kajú tí a kò tíì pa jáde nílùú láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, kí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé, àgbègbè ilé iṣẹ́ ńlá ti ilẹ̀ wa, lè máa pa á nílé, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń di ọjà mú láti wo ibi tí owó máa já sí, èmi ti tà tèmi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí iná jó oko tirẹ̀ wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ó ní wọ́n ní kí òun wá gba ìmọ̀ràn. Mo bi í pé ẹni mélòó ló ń jẹun nílé wọn. Ó wò mí bí mo ṣe wo ìyá mi lọ́jọ́sí. Lẹ́yìn tí a kà á tán, mo bá a lọ sí oko rẹ̀, mo fún un ní ọ̀bẹ, mo fi ibi tó máa họ hàn án, mo ní lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì dá ọ̀bẹ mi padà.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìyá mi kò mẹ́nu kan ọ̀nà iná. Bàbá kékeré sọ ọ́ níbi ìpàdé ẹbí, ìyá mi béèrè bóyá gbogbo èèyàn ti rí omi mu. Àbúrò mi sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a jà, ìyá mi ní kó lọ wo iná tó gbé sábẹ́ ìkòkò. Ìgbà kan wà tí mo ń fẹ́ kó bú mi. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fúnra mi lẹ́ẹ̀mejì, pé, “Ìyá, ní ọdún 2019 yẹn...” Ó ní kí n bá òun gbé àpótí wá. Mo wá gbà pé bóyá kò tilẹ̀ rò ó mọ́, tàbí kò so ó mọ́ mi rí.

Oṣù kọkànlá tó kọjá, mo ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi báyìí, kò lè rìn dé ọ̀nà Kàbuà mọ́, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rí koríko lára ṣòkòtò mi.

“Ọ̀nà iná lo lọ gé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Mo parí rẹ̀ lónìí.”

“Ìṣísẹ̀ mélòó ni fífẹ̀ rẹ̀?”

“Mẹ́jọ.”

Ó dákẹ́, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

“Fi méjì kún un,” ló wí.

Mo gbé àdá padà sí èjìká. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tán.